Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Egungun Lórúkọ

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ra egungun kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ta òkúta àti fọ́sìlì, ìyẹn ohun abẹ̀mí àtijọ́ tí ó ti di òkúta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, ó ki tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí irin tí ó ti dípẹtà, ó sì wúwo ju bí ojú ti rò lọ. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí tí wọ́n fi gbé e wá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì kọ sí i: “Dáínósọ̀, ẹsẹ̀, Jurassic.” Jurassic ni orúkọ sáà kan nínú ìgbà ayé àwọn dáínósọ̀. Wọn kò kọ orúkọ orílẹ̀-èdè, wọn kò kọ orúkọ ìpele òkúta tí ó ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ ọjọ́ tí wọ́n wú u tàbí ẹni tí ó wú u. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹni tí ó tà á fún mi, ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé òun náà rà á mọ́ àfọ́kù egungun mìíràn nínú àpótí kan ni, àti pé ẹni tí ó ta àpótí náà fún òun kò sọ ibi tí wọ́n ti kó wọn wá.

Ìdáhùn yẹn dùn mí, àgàgà nítorí pé mo ti san owó kí n tó ronú láti béèrè. Kí n tó sọ ohun tí mo wá rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ orísun egungun fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí egungun bá ṣì wà nínú ilẹ̀, ìpele òkúta tí ó wà lókè rẹ̀ àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Irú iyanrìn tàbí amọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ bóyá odò ni ó gbé e lọ tàbí adágún omi ni ó rì sí. Eyín, ìpẹ́ ẹja àti ewé tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ àwọn tí wọ́n jọ gbé ayé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wú u láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, gbogbo ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni a pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Egungun tí a kò mọ ilé rẹ̀, orúkọ wo ni a ó sọ ọ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ara mi kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú dáínósọ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá egungun ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi. Odò a máa yí òkúta títí yóò fi rí bí oríkèé, èròjà inú ilẹ̀ a sì máa dì yí ara wọn ká títí wọn yóò fi rí bí ẹyin tàbí bí egungun itan, nítorí náà ìrísí òde kò tó ẹ̀rí. Inú ni a ń wò. Egungun tòótọ́ ní èèpo líle lóde, ihò wínníwínní sì wà nínú rẹ̀ bí afárá oyin, níbi tí mùdùnmúdùn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbé nígbà tí ẹranko náà wà láàyè. Lẹ́yìn tí ẹranko bá kú, tí iyanrìn sì bò ó, omi inú ilẹ̀ a máa gbé sílíkà (èròjà tí púpọ̀ nínú iyanrìn jẹ́), kálísáìtì (èròjà inú òkúta ẹfun) tàbí ìpẹtà irin wọ inú àwọn ihò náà, wọn a sì dì síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán afárá oyin náà kì í sábà parẹ́. Igi tí ó ti di òkúta ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù lọ, nítorí òun náà wúwo, òun náà sì ní ihò. Àmọ́ fọ́nrán igi a máa tò lọ́gbọọgba láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ibi tí ó bá sì ti ṣẹ́ sábà máa ń fi òrùka ìdàgbà rẹ̀ hàn. Ihò inú egungun kì í tò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń já wọ inú ara wọn. Mo mú awò kékeré tí ń sọ ohun di ńlá ní ìlọ́po 10, mo wo ibi tí ó ti ṣẹ́ ní ìpẹ̀kun kan, mo sì rí èèpo líle náà àti àwọn ihò tóóró níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá. Egungun ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Àwọn tí ń kó fọ́sìlì jọ a máa gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi ahọ́n kan egungun, nítorí ihò inú rẹ̀ a máa fa itọ́, ahọ́n a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé èyí máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé kí ó má ṣe é sí egungun tí kò mọ orísun rẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ náà a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n, egungun tí sílíkà sì ti dí ihò rẹ̀ lè má lẹ̀ rárá, nítorí náà ìdáhùn tí a ó rí kò ṣeé gbára lé. Yàtọ̀ sí èyí, a kò mọ ohun tí wọ́n fi kun òde rẹ̀. Omi inú ilẹ̀ sì tún máa ń gbé yuréníọ̀mù, èròjà tí ń tú ìtànṣán olóró jáde, wọ inú egungun. Àwọn egungun tí ó jáde láti inú Morrison Formation, àwọn ìpele òkúta kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, lókìkí fún èyí, débi pé ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán olóró a máa dún bí a bá gbé e sún mọ́ àwọn kan nínú wọn. Mo ya irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ físíìsì. Iye tí ó kà lára egungun mi kò ju iye tí ó kà nínú yàrá lásán lọ. Èyí kò sọ ibi tí egungun náà ti wá, ṣùgbọ́n ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ láti máa dì í mú.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo pa iná yàrá, tí mo sì tan iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i lára. Púpọ̀ nínú egungun náà ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ìlà kan yí i po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó ń tàn ní àwọ̀ búlúù tí ó mọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Gọ́ọ̀mù a máa tàn bẹ́ẹ̀. Kálísáìtì náà lè tàn, nítorí náà n kò fẹ́ kánjú dájọ́, ṣùgbọ́n kálísáìtì kì í fi ìlà tí ó gún régé yí egungun ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo tún fi awò wo ibẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti fi ìyẹ̀fun òkúta àti ọ̀dà pupa bo ojú ìlà náà mọ́lẹ̀, tí ó fi jọ pé egungun náà wà ní odindi.

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta láti tú u. Mo ń rẹ òwú sínú ásítóònì, irú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà náà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sì sí iná nítòsí, nítorí ásítóònì a máa gbiná wéré. Kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù ni ásítóònì ń tú, ṣùgbọ́n èyí rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ kẹta sì ni egungun náà pín sí méjì ní ọwọ́ mi. Èyí tí ó tóbi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9, èyí tí ó kéré sì gùn ní nǹkan bíi 5. Ojú tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ara wọn kò bára mu rárá: wọ́n ti ha èyí kékeré kí ó lè jókòó dáadáa. Inú èèpo èyí ńlá ni ihò mùdùnmúdùn gbalasa kan wà, iyanrìn pupa tí ó ti di òkúta sì kún un dẹ́múdẹ́mú. Èyí kékeré kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, afárá oyin ni ó kún inú rẹ̀ láti etí dé etí, iyanrìn tí ó sì wà nínú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin tí a sè.

Mo kó wóró díẹ̀ láti inú iyanrìn kọ̀ọ̀kan sórí àwo, mo sì kán ọtí kíkan sí wọn. Ti èyí kékeré hó wínníwínní, èyí tí ó fi hàn pé kálísáìtì ni ó so wóró rẹ̀ pọ̀; ti èyí ńlá kò mira. Orí wóró tí ó ti já bọ́ ni mo ti ṣe é o, n kò kán an sára egungun fúnra rẹ̀, nítorí ásíìdì a máa jẹ egungun pẹ̀lú. Àbájáde yìí ni ó fi yé mi pé kì í ṣe pé egungun kan ṣẹ́ tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹranko méjì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ilẹ̀ méjì ni wọ́n ti wá, ẹnì kan sì so wọ́n pọ̀ kí ọjà lè tà.

N kò mọ ẹni tí ó ṣe é, n kò sì fẹ̀sùn kan ẹni tí ó tà á fún mi, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n mọ̀ jù mí lọ fíìfíì. Ní ọdún 1999, ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwòrán fọ́sìlì kan jáde láti Liaoning ní Ṣáínà, tí wọ́n pè ní Archaeoraptor, pé òun ni ó so dáínósọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyẹ. Kò pẹ́ rárá tí ó fi hàn pé ara ẹyẹ àtijọ́ kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìrù dáínósọ̀ kékeré kan. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn ni pé egungun méjèèjì ṣe pàtàkì ní àyè ara wọn, dáínósọ̀ tí ó ni ìrù náà sì jẹ́ Microraptor, ẹranko tí ó yẹ kí a mọ̀ fún ara rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni kò jẹ́ kí a tètè rí i.

Ìtàn kejì ni ó fún mi ní ìrètí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Stuttgart, ní Jámánì, ra agbárí ẹranko kan tí wọ́n wú ní Brazil lọ́wọ́ oníṣòwò, láìsí àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti wú u gan-an. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti fi pílásítà fa imú rẹ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Inú bí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ dáínósọ̀ náà ní Irritator ní ọdún 1996, orúkọ tí ó ń ròyìn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára wọn. Síbẹ̀, òkúta tí ó ṣẹ́kù lára agbárí náà kò purọ́. Àwọn ẹ̀dá omi kéékèèké onígbá tí wọ́n wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja kan, bá àwọn tí a mọ̀ nínú Romualdo Formation ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil mu, nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ ilé rẹ̀. Oníṣòwò lè tún imú ṣe, ṣùgbọ́n kò ronú kan iyẹ̀pẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yẹn ni mo ti pinnu pé n kò ní í fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ egungun mi. Mo ti ní i lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti gbẹ́ gbogbo iyanrìn pupa inú ihò mùdùnmúdùn náà jáde kí ó lè mọ́ tónítóní, kí n sì gbé e sórí pẹpẹ. Ara mi ṣì máa ń gbọ̀n bí mo bá rántí pé ìwọ̀nba ohun tí egungun náà mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni mo fẹ́ dà nù. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di tèmi ti fọ òde rẹ̀ mọ́. Inú nìkan ni ó ṣẹ́kù, nítorí ọwọ́ kò tó o.

Mo wọn èyí ńlá nìkan láti mọ bí ó ṣe wúwo tó sí àyè tí ó gbà. Ó wúwo ní gíráàmù 430, nígbà tí mo sì rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tí ó tì kúrò jẹ́ mìlílítà 165. Bí a bá pín èkíní fún èkejì, a ó rí nǹkan bíi 2.6, èyí tí ó sún mọ́ ti sílíkà, tí í ṣe 2.65. Egungun tútù fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 2 ni èèpo líle rẹ̀, nítorí náà egungun yìí àti ihò inú rẹ̀ ti kún fún òkúta. Mo ti kọ́kọ́ fi wóró kan dán omi náà wò kí n lè mọ̀ pé kò ní tú u. Egungun tí amọ̀ wà nínú rẹ̀ lè fọ́ bí omi bá kàn án, ẹni tí kò bá dá lójú kí ó fi í sílẹ̀.

Ṣé dáínósọ̀ wá ni? Níbí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń sọ kánmọ́kánmọ́ ni ó le jù láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹranko ńlá ni ó ti gbé ayé tí kì í ṣe dáínósọ̀. Ọ̀nì wà nígbà náà, alábahun wà, àwọn afàyàfà inú òkun bíi mosasaur àti plesiosaur wà, tí wọ́n tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi orúkọ dáínósọ̀ pè wọ́n láìtọ́. Lẹ́yìn wọn ni àbùùbùtán àti àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú ńlá dé, egungun tiwọn náà sì ti di òkúta. Ní ọdún 1677, Robert Plot, onímọ̀ kan ní England, tẹ àwòrán ìpẹ̀kun egungun itan kan tí wọ́n rí ní Oxfordshire jáde, ó sì parí èrò sí pé ti òmìrán ènìyàn ni. A kò lè bú u, nítorí ní ìgbà ayé rẹ̀ kò sí ohun tí ó lè fi wé e; ọdún 1842 ni Richard Owen, onímọ̀ mìíràn ní England, tó ṣẹ̀dá orúkọ dáínósọ̀ fúnra rẹ̀. Lónìí, ó jọ pé egungun Megalosaurus, dáínósọ̀ ajẹran kan, ni Plot rí. Àkíyèsí ojú rẹ̀ péye, ó mọ̀ pé oríkèé itan ni. Ohun tí yóò fi wé e ni kò ní.

Tèmi kò tilẹ̀ ní oríkèé. Ọ̀pá àárín nìkan ni, àárín sì ni ibi tí egungun ẹsẹ̀ àwọn ẹranko ti máa ń jọra jù lọ. Orí àti ìdí egungun, níbi tí ó ti pàdé egungun mìíràn, pẹ̀lú àwọn ibi gbágungbàgun tí iṣan ti so mọ́ ọn, ni àwọn onímọ̀ máa ń kà bí ìwé. Mo gbé egungun méjèèjì, iyanrìn inú ìgò kékeré méjì, àti àwòrán tí mo yà kí n tó tú wọn, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n ti ń gba àwọn ará ìlú láyè láti mú ohun tí wọ́n bá rí wá. Obìnrin tí ó gbà mí lálejò ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ egungun àtijọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, “Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?” Nígbà tí mo sọ pé rárá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga fún mi.

Ó kọ́kọ́ mú èyí kékeré. Ó ní àfọ́kù ni tí kò ní àmì kan tí ó lè sọ irú ẹranko tí ó ni ín, àti pé egungun tí afárá oyin kún inú rẹ̀ báyìí láìní ihò lè jẹ́ ti ẹran omi tàbí ti ẹran ilẹ̀. Ó ní kí n kọ “egungun ẹranko elégungun ẹ̀yìn” sí i, kí n má fi ohunkóhun kún un. Mo gbà.

Ó pẹ́ lórí èyí ńlá. Ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́, ó sì wọn èèpo rẹ̀: mìlímítà 8 sí 9 ni ó nípọn, nígbà tí ihò àárín fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ó ṣàlàyé fún mi pé egungun ẹsẹ̀ àwọn dáínósọ̀ ajẹran tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí a ń pè ní theropod, ìyẹn ìdílé tí ẹyẹ ti jáde, sábà máa ń ní irú ihò gbalasa yìí. Àwọn dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn kì í sábà ní in, afárá oyin ni ó máa ń kún àárín egungun ẹsẹ̀ tiwọn. Èèpo egungun ti ọ̀nì sì máa ń nípọn ju èyí lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú ihò rẹ̀. Ó tún fi hàn mí bí ihò iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú èèpo náà, èyí tí í ṣe àmì ẹranko tí ó tètè dàgbà. Ó ní bí òun bá gé e ní pélébé, kí òun sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun yóò rí bí ó ṣe dàgbà lọ́dọọdún. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú, nítorí ohun tí a bá gé kò ṣeé dá padà.

Lẹ́yìn náà ni ó da iyanrìn pupa náà sórí àwo dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ yà á wóró kan kúrò lára èkejì. Ẹnu mi dákẹ́. Púpọ̀ nínú wóró náà jẹ́ sílíkà, etí wọn ti yí, èyí tí ó bá iyanrìn odò mu. Láàárín wọn ni ó ti rí àfọ́kù ìpẹ́ ẹja kan, tí kò tóbi ju orí àbẹ́là lọ, ó nípọn, ó ń dán bí eyín, etí rẹ̀ kan sì gún bí igun òkúta. Ó ní irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ìpele òkúta odò ayé àtijọ́, àti pé iyanrìn pupa, ìpẹ́ ẹja yìí, àti àwọ̀ egungun náà bá ohun tí ó ń jáde ní Kem Kem mu, ní gúúsù ìlà-oòrùn Mòrókò, níbi tí wọ́n ti rí àwọn dáínósọ̀ ajẹran ńlá bíi Spinosaurus àti Carcharodontosaurus. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ọwọ́ gbẹ́ ihò wọ inú òkè láti tọ ìpele tí egungun wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá rí ni ó sì ń bọ́ sọ́jà káàkiri ayé. Ó tẹnu mọ́ ọn pé “ó bá a mu” kò túmọ̀ sí “ibẹ̀ ni,” nítorí odò ti gbé iyanrìn pupa sílẹ̀ ní ibi púpọ̀ láyé.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ Kem Kem lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kẹta tí ó wà lórí ìwé pélébé náà ṣubú. Cretaceous, sáà tí ó tẹ̀lé Jurassic, ni àwọn ìpele náà, wọ́n jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 100 sí 95 sẹ́yìn, nígbà tí Jurassic ti parí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 145 sẹ́yìn. Mo béèrè bóyá a lè wọn ọjọ́ orí egungun náà tààrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi náà pẹ̀lú nígbà kan rí, ló rò pé kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tí ń dínkù díẹ̀díẹ̀ lára ohun tí ó ti kú, ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí dáínósọ̀. Kábọ́ọ̀nù 14 kò lè sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó ti lé ní nǹkan bíi ọdún 50,000, bẹ́ẹ̀ ni dáínósọ̀ tí kì í ṣe ẹyẹ ti parẹ́ láti mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Eérú òkè ayọnáyèéfín tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ egungun nínú ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wọn, èyí sì tún dá wa padà sí ìbéèrè ibi tí wọ́n ti wú u.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ó wú mi lórí. Lẹ́yìn tí ẹranko bá kú, egungun rẹ̀ a máa fa àwọn èròjà ṣíṣọ̀wọ́n kan láti inú omi ilẹ̀ tí ó yí i ká, ìwọ̀n tí èròjà kọ̀ọ̀kan fi wà nínú rẹ̀ a sì máa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe ń sọ ìdílé ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ti lo èyí láti mọ ibi tí àwọn egungun kan ti wá. Ó gba kí wọ́n ní egungun tí orísun rẹ̀ dájú tí wọn yóò fi wé e, ó sì gba ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti ara ẹni. Obìnrin náà fi ìyẹ̀fun díẹ̀ pamọ́ láti inú ibi tí ó ti ṣẹ́, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò fẹ́ fi kún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bi í ní ìbéèrè tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ó tọ́ kí egungun yìí wà lọ́wọ́ mi? Kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni fọ́sìlì tí ó wà nínú rẹ̀, àfi ilẹ̀ ìjọba. Ní Brazil, láti ọdún 1942 ni òfin ti sọ fọ́sìlì di ti ìjọba. Ní Mòǹgólíà náà, kò sí ẹni tí ó lè kó o jáde tà. Ó rán mi létí egungun Tarbosaurus, dáínósọ̀ ajẹran ńlá kan, tí wọ́n gbé sórí gbàǹjo ní New York ní ọdún 2012. Àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n sí ẹranko aṣálẹ̀ Gobi, ìjọba Mòǹgólíà ní tàwọn ni, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ní ọdún 2013 ni wọ́n dá a padà sílé. Egungun yẹn ní orí, ó ní eyín, ó ní ìrù, nítorí náà ó lè jẹ́rìí sí ibi tí ó ti wá. Tèmi kò lè sọ fún ilé ẹjọ́ kankan pé ibí yìí ni wọ́n ti kó òun. Ìyẹn gan-an ni ó ń dùn mí, pé bí wọ́n bá jí i gbé, n kò mọ ilẹ̀kùn tí n ó kàn láti dá a padà. Mo ti pinnu pé n kò ní í ra egungun tí kò ní àkọsílẹ̀ mọ́, n kò sì ní í ta èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi.

Mo padà sílé, mo yọ ìwé pélébé àtijọ́ náà, mo fi í sínú àpò rọ́bà, nítorí irọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ pàápàá jẹ́ ara ìtàn egungun náà. Mo fi nọ́ńbà sára egungun méjèèjì àti ìgò iyanrìn méjèèjì, kí ti ọ̀kan má baà dàpọ̀ mọ́ ti èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìwé tuntun fún èyí ńlá, báyìí: “Àfọ́kù ọ̀pá egungun ẹsẹ̀ tàbí apá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti theropod. Kò sí oríkèé. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù so ó mọ́ egungun mìíràn tẹ́lẹ̀, a ti tú u. Iyanrìn odò pupa àti àfọ́kù ìpẹ́ ẹja wà nínú ihò mùdùnmúdùn rẹ̀; a kò fọ̀ ọ́. Ó jọ ti Kem Kem, kò dájú. Ibi tí wọ́n ti wú u:” Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, ó fẹ̀ tó ibi tí a lè kọ orúkọ ìlú kan àti ọjọ́ kan sí.